"Ọkàn Dáṣẹ́ Dúró" Kì í Ṣe Orúkọ Àrùn

Láti Kútọ̀ dé Lafẹ́nwá, láti Ìtọ́kú lọ sí Adátán, ẹ kò lè rìn jìnnà ní Abẹ́òkúta kí ẹ má rí ìwé ìkéde òkú lára ògiri. Àwòrán olóògbé á wà lórí rẹ̀, ó wé gèlè tàbí ó dé fìlà. Ọjọ́ orí rẹ̀ á wà níbẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ á tò tẹ̀lé ara wọn. Ohun gbogbo ni wọ́n máa ń kọ tán, títí kan ibi tí wọn yóò ti ṣe àsè. Ohun tó pa ẹni náà nìkan ni wọn kì í kọ. "Lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́" ni wọ́n máa ń wí. Èwo ni ráńpẹ́? Mo mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú fún oṣù mẹ́rin, tí kò lè sùn gbalaja mọ́ nítorí èémí, tí wọ́n gbé láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn. Nígbà tó kú, àìsàn ráńpẹ́ náà ni wọ́n kọ.

N kò bá ẹbí kankan jà lórí ìwé ara ògiri. Ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tó bá tù wọ́n nínú. Ìjà mi wà pẹ̀lú ìwé kejì, èyí tí kì í dé ara ògiri: ìwé tí dókítà máa ń fọwọ́ sí nígbà tí aláìsàn bá kú, àti fáìlì tí wọ́n ti ń kọ láti ọjọ́ tí aláìsàn náà ti wọlé. Nítorí pé "àìsàn ráńpẹ́" ti wọ inú ìwé yìí pẹ̀lú. Orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀ ni "ọkàn dáṣẹ́ dúró."

Ó yẹ kí n sọ ibi tí mo dúró sí tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan lára àwọn tí ẹ ń pè ní oní-káàdì ni mí. Bí ẹ bá dé ọsibítù, ojú fèrèsé wa lẹ ti máa ń kọ́kọ́ tò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ wa kò ju pé ká wá káàdì tó sọnù lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí òfin mọ̀ ni; láti 1989 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin tó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti máa forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera sílẹ̀. Apá tí ẹ kì í rí nínú iṣẹ́ náà ló ń gba àkókò wa jù. Nígbà tí aláìsàn bá ti lọ sílé, tàbí tó bá kú, fáìlì rẹ̀ á padà sọ́dọ̀ wa. A óò kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a óò sì fún àrùn tó wà nínú rẹ̀ ní kóòdù láti inú ìwé ńlá kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, tí gbogbo ayé jọ ń lò. Lẹ́tà kan àti nọ́ńbà díẹ̀ ni kóòdù kọ̀ọ̀kan. I10 ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti B50 dé B54 ni ibà tí ẹ̀fọn ń fà. Ohun tí a bá kà jọ láti inú kóòdù wọ̀nyí ló yẹ kí ìjọba fi mọ oògùn tó yẹ ní rírà, ẹ̀rọ tó yẹ ní gbígbé wá, àti irú dókítà tó yẹ kí a kọ́ sí i.

Òfin kan wà tó de ọwọ́ wa: ohun tí dókítà kò bá kọ, àwa kò gbọdọ̀ kọ ọ́. Bí mo tilẹ̀ ka fáìlì tán tí mo sì fura gidigidi sí ohun tó ṣe aláìsàn náà, n kò ní àṣẹ láti fi ìfura mi kún un. Ohun tó dára ni òfin yìí. Bí kò bá sí i, oní-káàdì kọ̀ọ̀kan á di dókítà. Àmọ́ ó túmọ̀ sí pé bí dókítà bá kọ ìdajì ọ̀rọ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni gbogbo ayé yóò gbọ́.

Ní ti ibà, ìdajì ọ̀rọ̀ kò lè bà wá jẹ́ jù. Ibà pọ̀ débi pé bí a bá gbàgbé láti ka mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún yóò ṣì kù. Ní ti àwọn àrùn tí kò wọ́pọ̀ ni wàhálà wà. Bí ènìyàn márùn-ún péré bá ní àrùn kan láàárín ọdún kan, tí a kọ mẹ́ta nínú wọn bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kàn dúró, àrùn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun tí kò sí. Inú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn àrùn tí kòkòrò àìfojúrí ń dá sílẹ̀ nínú ọkàn wà, àwọn gan-an ni mo sì fẹ́ gbèjà lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé wọn fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ó lè jẹ́ pé ẹ kò tíì débẹ̀ ní kíláàsì. Inú ọkàn lọ́hùn-ún ni àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké wà tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n sì ń tì kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn. Fáàfù la ń pè wọ́n, bíi ti táyà kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ẹran ọkàn fúnra rẹ̀. Lóde pátápátá ni àpò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó bo gbogbo rẹ̀. Kòkòrò lè kọlu èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kòkòrò tó ti ibi eyín jíjẹrà tàbí egbò wọ inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ jókòó sára fáàfù, pàápàá èyí tó ti ní àbùkù tẹ́lẹ̀. Àbùkù náà lè ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ènìyàn wà ní kékeré, látàrí ọ̀nà ọ̀fun dídùn tí kò gba ìtọ́jú tó yẹ: kòkòrò inú ọ̀fun ló ń mú kí ara dojú ìjà kọ ara rẹ̀, tí fáàfù sì ń fara gbá a. Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń rí ọmọ tó ń ráhùn pé ọ̀fun ń dun òun lónìí, tí oríkèé ara rẹ̀ wá ń wú tó sì ń ro ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má ṣe sọ fún un pé kó lọ jókòó.

Ìtọ́jú wà fún fáàfù tí kòkòrò bá jókòó sí, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tó gùn ni: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni oògùn fi ń gba inú iṣan wọlé lójoojúmọ́. Kí dókítà tó mọ oògùn tí kòkòrò náà ń bẹ̀rù, wọ́n gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí oògùn kankan tó kan ara, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà sínú ìgò kan tí kòkòrò lè hù nínú rẹ̀. Níbí ni àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dé ọsibítù láìjẹ́ pé a ti ya kẹ́míìsì ládùúgbò, tí wọ́n ti ta kápúsù aláwọ̀ méjì fún wa. A lo mẹ́rin, ara rọ̀ díẹ̀, a gbé ìyókù sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí a bá wá dé ọsibítù, kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti sá pamọ́ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Àyẹ̀wò á ní kò sí nǹkan. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ọ́ sínú fáìlì pé aláìsàn yìí ti lo kápúsù báyìí fún ọjọ́ méjì, dókítà tó bá gba iṣẹ́ ní alẹ́ á gba "kò sí nǹkan" gbọ́.

Ti àpò ọkàn ló jẹ mí lógún jù, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, bí omi púpọ̀ bá kún àpò yìí, ikọ́ ẹ̀gbẹ wà lára ohun tí dókítà máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ń gbé. Rárá o, ó lè wọ egungun, ó lè wọ ọpọlọ, ó sì lè wọ àpò ọkàn. Bí omi bá wá kún àpò náà, á fún ọkàn mọ́ débi tí kò ní lè gba ẹ̀jẹ̀ wọlé dáadáa mọ́.

Ká ní bàbá kan ń gbé ní abúlé kan ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, irú àrùn yìí mú un, ó sì kú. Fọ́ọ̀mù tí dókítà máa kọ ohun tó fa ikú rẹ̀ sí ní ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tò sísàlẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ń béèrè ohun tó pa á ní ìkẹyìn. Ìlà kejì ń béèrè pé kí ló fa ìyẹn. Ìlà kẹta ń béèrè pé kí ló fa èyí tó wà lórí ìlà kejì. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò wà. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé ọkàn kò lè gbé ẹ̀jẹ̀ mọ́, nítorí omi tó kún àpò ọkàn, nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ, kóòdù méjì tó ń rìn pọ̀ ni n óò lò: A18.8, tó ní àmì ọ̀bẹ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń sọ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, àti I32.0, tó ní àmì ìràwọ̀, tó ń sọ pé àpò ọkàn ló kọlù. Bí dókítà bá dúró lórí omi inú àpò, I31.3 ni, kóòdù omi lásán. Bó bá dúró lórí ìlà àkọ́kọ́, I50.9 ni, èyí tó túmọ̀ sí pé ọkàn ẹnì kan kò ṣiṣẹ́ dáadáa, a kò sì sọ ìdí rẹ̀. Bàbá kan náà ni o. Ikú kan náà, fáìlì kan náà.

Ẹ wá wo ohun tó so mọ́ kóòdù wọ̀nyí. Ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ wà nínú ọkàn rẹ̀ lè ní in nínú ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú. Bí A18.8 bá jáde, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera dé abúlé yẹn, kó wo ìyàwó rẹ̀, kó wo àwọn ọmọ tó ń bá a sùn nínú yàrá kan náà. Oògùn wà tí wọ́n ń fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kí ikọ́ ẹ̀gbẹ má baà mú un. Oògùn tí wọ́n fi ń wo ẹni tó ti mú náà, ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fún ènìyàn ní Nàìjíríà, fún oṣù mẹ́fà. Bí I50.9 bá jáde, ẹnikẹ́ni kò ní lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Òkú ti lọ, kóòdù kò lè jí i dìde. Àwọn tó kù nínú yàrá yẹn ni mo ń sọ̀rọ̀ wọn. Yorùbá ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Báwo la ṣe fẹ́ gbọ́ òwe náà bí a bá pa ohùn ẹni tó ń pa á mọ́?

Ìlú wa kì í ṣe ìlú tó yẹ kí àkọsílẹ̀ ṣòro fún. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí jáde ní 1859. Lántòrò ni ọsibítù Sacred Heart wà láti 1895, ó sì wà lára àwọn ọsibítù tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà. Ìdí-Àbà sì ni wọ́n ti fi hàn wá ohun tí àkọsílẹ̀ gidi lè ṣe fún àìsàn ọkàn. Láti oṣù kìíní 2009 títí di oṣù kejìlá 2010, Dókítà Okechukwu Ogah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Federal Medical Centre ṣí ìwé kan fún àwọn tí ọkàn wọn kò lè gbé ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ènìyàn 452 ló wọ inú ìwé náà. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n béèrè pé, kí ló fà á? Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2014, ó hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí ìdá 78.5 nínú 100. Iṣan ọkàn tó dí, èyí tó ń pa àwọn òyìnbó jù, kò ju ìdá 0.4 lọ. Fáàfù tó bàjẹ́ látàrí ọ̀nà ọ̀fun dídùn ìgbà èwe jẹ́ ìdá 2.4. Àrùn àpò ọkàn jẹ́ ìdá 3.3, ìyẹn nǹkan bí ènìyàn 15.

Ẹ rò ó wò. Ká ní bí a ṣe ń kọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n kọ ọ́, gbogbo àwọn 452 náà ni ì bá jẹ́ I50.9. Kò ní sí ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀, kò ní sí fáàfù, kò ní sí ènìyàn 15 náà. A ó kàn máa sọ pé àìsàn ọkàn pọ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, a ó sì lọ máa ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la iṣan tó dí ní Amẹ́ríkà.

Ẹnì kan lè ní, ìdá 3.3 kéré, pé bí a bá ń sáré lé e, a ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. N kò gbà. Ẹ̀jẹ̀ ríru, títí ayé ni wọ́n ń lo oògùn rẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ inú àpò ọkàn, oṣù mẹ́fà ni ìtọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí a lè wò sàn tí a kò wò ló yẹ kó dùn wá jù.

Àpẹẹrẹ kejì tí mo fẹ́ fà yọ, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ọmọ Abẹ́òkúta sì ni. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 1997. Ọjọ́ kejì ikú rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn àwọn ọmọdé tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, bọ́ síwájú àwọn oníròyìn. Ó sọ pé ọkàn tó dáṣẹ́ dúró ló pa àbúrò òun ní ìkẹyìn. Ì bá dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi í ní ìbéèrè kejì, "ọkàn dáṣẹ́ dúró" kò ní ìtìjú nínú. Ṣùgbọ́n ó kọ ìlà kejì náà lójú gbogbo ayé: ó ní àrùn éèdì ló wà nídìí rẹ̀. Ní ìgbà yẹn, àwọn ènìyàn ṣì ń sọ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ éèdì. Dókítà ni, ó mọ̀ pé ìlà àkọ́kọ́ nìkan kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ̀yin dókítà wa, ẹni tí ọ̀fọ̀ àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ lè parí fọ́ọ̀mù náà lójú gbogbo ayé. Kí ló wá dé tí ẹ kò lè parí rẹ̀ nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò ti ń wò yín?

Mo mọ èsì tí wọ́n máa ń fọ̀, mo ti gbọ́ ọ lójú fèrèsé mi lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ní èrò pọ̀, dókítà kò tó, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti já pa lọ sí London, ta ni yóò jókòó máa kọ ìtàn? Òótọ́ ni èrò pọ̀. Mo ń rí wọn lórí bẹ́ńṣì láti aago mẹ́fà àárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa ń kọ dípò rẹ̀: wọ́n á ní ọkàn àti èémí ló dúró, ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó gùn ju orúkọ ikọ́ ẹ̀gbẹ lọ. Ta ló kú rí tí ọkàn rẹ̀ kò dúró? Ó dà bí ìgbà tí ẹ gbé mọ́tò lọ bá mẹkáníìkì, tó yẹ̀ ẹ́ wò fún wákàtí méjì, tó wá ní ohun tó ṣe é ni pé kò rìn mọ́. Ẹ ò ní í san owó fún un. Ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ sọ pé kí wọ́n má ṣe fi irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe gbòǹgbò ikú.

Wọ́n tún ní kò sí irinṣẹ́ àyẹ̀wò. Báwo ni wọ́n ṣe máa kọ orúkọ kòkòrò tí wọn kò rí? Èyí ní ìwúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgò tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kòkòrò kì í sí lárọ̀ọ́wọ́tó nígbà gbogbo, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó àkàrà. Àmọ́ òfin kóòdù ti ro ti ìyẹn. Bí aláìsàn bá kúrò ní ọsibítù tí dókítà sì kọ ọ́ pé òun fura sí kòkòrò nínú fáàfù, tí kò sí ohun tó dájú ju bẹ́ẹ̀ lọ, a lè fún un ní I33.0, kóòdù àrùn náà gan-an. Bí wọ́n bá mọ kòkòrò tó fà á, a óò fi kóòdù kejì kún un, B95.6, fún àpẹẹrẹ, ni ti Staphylococcus aureus. Àyè wà fún èyí tó ṣọ̀wọ́n jù pàápàá: Candida, tó ń fa efu funfun lẹ́nu ọmọ ìkókó, lè wọ fáàfù àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, B37.6 sì ni tirẹ̀. Ìwé náà ti pèsè àga sílẹ̀ fún olúkúlùkù, àwa la kò pe àlejò jókòó. Bí a kò bá sì kọ ìfura wa sílẹ̀, kí la fẹ́ fi béèrè irinṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba? Ọ̀gá tó ń pín owó á wo ìwé wa, á ní, "Ẹ kò ní irú àrùn yìí níbẹ̀ kẹ̀."

Àwọn mìíràn ní nọ́ńbà òyìnbó ni, pé àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń fi kóòdù gba owó lọ́wọ́ àwọn adójútòfò, kí ló kàn wá? Òótọ́ ni pé àwọn ará ibẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pàdé ní 1975 láti tún ìwé kóòdù yìí ṣe nígbà kẹsàn-án, ta ni igbákejì ọ̀gá àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé? Thomas Adeoye Lambo ni, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tó ti sọ ọsibítù Àró di ohun tí ayé ń wá wò. Láti 1973 di 1988 ló fi wà ní ipò yẹn. Ilé tí ọmọ wa jẹ́ igbákejì olórí rẹ̀ kọ́ ni ká máa pè ní ilé àjòjì.

Ìtìjú ló ṣòro jù láti bá jà, nítorí kì í sọ̀rọ̀. Ẹbí á fa dókítà sí kọ̀rọ̀, wọ́n á ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọmọbìnrin wa ń lọ ilé ọkọ lóṣù tó ń bọ̀. Dókítà á ṣàánú wọn. N kò fi àánú náà gún un lójú, ṣùgbọ́n ó ti ṣi àánú lò. Òfin ìlera ti 2014 pàṣẹ pé kí ọsibítù kọ àkọsílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wá gba ìtọ́jú, òfin kan náà ló sì ní kí wọ́n bo àṣírí rẹ̀. Kóòdù tó ń jáde kúrò lọ́dọ̀ wa fún kíkà kì í gbé orúkọ lọ́wọ́. A18.8 kò ní ìdílé, kò sì ní oríkì. Òṣìṣẹ́ tó bá wá wo àwọn ọmọ yẹn náà, òfin ti de ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ yín wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, ẹ kó páálí gbogbo oògùn tó ti lò dání, títí kan èyí tí ìyá àgbà fún un, kí ẹ sì dúró kí ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́. Bí wọ́n bá sọ fún yín rí pé fáàfù ọmọ yín ní àbùkù, ẹ sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ yọ eyín rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo yín lẹ fẹ́ ṣe dókítà, mo mọ̀, ó dára. Àmọ́ n kò tíì rí ọmọ kan tó sọ fún mi pé òun fẹ́ wá ṣe iṣẹ́ oní-káàdì, a sì nílò àwọn tó lè kàwé tí wọ́n lè da fáìlì padà fún ọ̀gá dókítà láìgbọ̀n.

Bí ikú bá sì ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ ẹ́ kó tètè ṣẹlẹ̀, láti 1992 ni òfin ti pa á láṣẹ pé kí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ tó gbé ìwé dókítà kúrò ní ọsibítù, ẹ kà á. Bó bá jẹ́ pé ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n kọ nǹkan sí, ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dá a padà, ẹ ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló fa èyí?" Bí dókítà bá dáhùn pé òun kò mọ̀, kò burú, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pé òun kò mọ̀. Kóòdù wà fún ìyẹn náà, R99 ni. N óò kọ R99 sílẹ̀, ẹni tó bá sì ń ka ìwé wa ní ọdún yẹn á rí i pé ẹnì kan kú ní Abẹ́òkúta tí a kò tíì mọ ohun tó pa á.